Eré Asán Nínú Igbó Oníbẹ́ńṣì

Kí n tó kúrò ní Ìṣẹ́, mo mọ ohun tó ń mú àgbàlagbà sáré. Òjò lè mú un sáré bí ó bá sá kòkó síta. Ejò lè mú un sáré. Bí mọ́tò Àkúrẹ́ bá sì fẹ́ lọ, tó jẹ́ pé òun ló kẹ́yìn, àgbàlagbà á ká agbádá rẹ̀ mọ́ apá, á gbé ọlá tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, á sì ju ẹsẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó jẹun yó, tó ní mọ́tò, tí ẹnikẹ́ni kò bá jà, jí ní òwúrọ̀ òtútù, kí ó wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan, kí ó sáré wọ inú igbó lọ, kí ó sì sáré jáde láìmú igi ìdáná kan bọ̀, ilẹ̀ Faransé ni mo ti wá rí ìyẹn.

Àwọn àgbà ní ènìyàn kì í déédéé sáré nínú ẹ̀gún, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Àwọn wọ̀nyí kò lé nǹkan kan. Kò sí ohun tó ń lé wọn. Ẹ̀gún gan-an kò sí níbẹ̀, wọ́n ti gé e kúrò kí ó má baà ya ṣòkòtò wọn.

N kò ní sọ bí mo ṣe débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn ọkọ̀ òfúrufú àti ti ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà, kí ó lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìdúpẹ́, yóò gbọ́ títí yóò fi sùn lọ. Ohun tí èmi fẹ́ sọ kò ju ti abúlé tí mo wà lọ, àti ọ̀gá mi tó ń jẹ́ Jẹróòmù, àti yàrá kan tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí Fúnmi, ìyàwó mi, lè wá bá mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ kiri gbogbo Ìṣẹ́ pé Párís ni mo wà. N kò já a nírọ́, àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún un pé oko ni mo wà? Mo kúrò ní oko kòkó, mo la òkun kọjá, mo sì tún dé oko. Abúlé náà wà láàárín pápá àti igbó, ilé òkúta ni gbogbo ilé ibẹ̀, òdòdó wà lójú fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ènìyàn nìkan ni kò sí. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, oòrùn ti yọ dáadáa, síbẹ̀ n kò rí ọmọ aráyé kan lójú títì. Mo rò pé ẹni ńlá kan ló kú, pé gbogbo ìlú ti lọ síbi ìsìnkú. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, mo ń retí kí wọ́n máa bọ̀ láti itẹ́ òkú. Nígbà tó yá, ajá kan yọ, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì padà sílé. Kò sí ìsìnkú kankan. Bí wọ́n ṣe ń gbé ìlú wọn nìyẹn.

Jẹróòmù fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ìlú ńlá ló ti ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì títí ó fi sú u, ló bá wá ra ilé àgbẹ̀ kan tó ti gbó, ó lé màálù jáde, ó fọ ilé, ó kun ún ní ọ̀dà funfun, ó sì kó àwọn asáré wọ inú rẹ̀. Ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n á ti ìlú ńlá wá, àwọn lọ́yà, àwọn dókítà eyín, àwọn tó ń kọ́lé fún ìjọba. Wọ́n á sùn mọ́jú, wọ́n á sáré, wọ́n á jẹun, wọ́n á tún sáré. Jẹróòmù ti ya àwọn ọ̀nà igbó sórí pátákó kan lẹ́nu ọ̀nà ilé oúnjẹ: àwọ̀ yẹ́lò fún ẹni tí orúnkún ń dùn, búlúù fún ẹni tí ara rẹ̀ le díẹ̀, pupa fún ẹni tó ya wèrè. Èmi ni mo fún wọn ní orúkọ yẹn o, nínú ọkàn mi. Ohun tí òun pè wọ́n dùn létí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n la igi, kí n fọ aṣọ ibùsùn wọn, kí n fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà wọn, kí n sì máa rìn káàkiri ọ̀nà igbó láti kó ẹ̀ka tó bá wó lulẹ̀. Mo lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ọ́fíìsì káńsù ní Èmùré, mo ní tábìlì tèmi, àwọn ènìyàn ń dìde kí mi. Nísinsìnyí mo ń fi ọ̀bẹ kékeré họ ẹrẹ̀ lábẹ́ bàtà dókítà eyín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ni mo ń sùn, nínú yàrá kan tó jẹ́ pé bí mo bá na ẹsẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn. Bí ẹ̀rọ náà bá ń fọ aṣọ, bẹ́ẹ̀dì mi á máa gbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ohun tí wọ́n ń pè ní igbó. Àwọn igi náà tò bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà ní àárọ̀ Mọ́ńdè. Ní gbogbo ìyànà, pátákó wà tó ń sọ ibi tí èèyàn ń lọ fún un. Bẹ́ńṣì wà. Mo ní bẹ́ńṣì wà nínú igbó! Igi tí wọ́n gé dáadáa, tí wọ́n fá, tí wọ́n sì kàn mọ́lẹ̀ kí ẹni tó wá sáré lè jókòó. Kò sí ìjàlọ, kò sí èèrùn, kò sí ewé èsìsì tó tó pè lẹ́sìsì. Bí ìgalà kan bá kọjá, wọ́n á dúró, wọ́n á fọwọ́ lé àyà, omijé á fẹ́ bọ́ lójú wọn. Nínú ọbẹ̀ ni èmi àti ìgalà ti máa ń pàdé, n kò tíì sunkún fún un rí. Òkè wọn pàápàá kì í ṣe òkè, ilẹ̀ kàn wú díẹ̀ ni. Ẹni tó ti dúró ní Ìkẹ́rẹ́ tó gbójú sókè wo Olósùnta, kò lè fi ẹnu kan náà pe ìyẹn lókè. Ṣùgbọ́n Jẹróòmù á dúró lórí ibi wíwú náà, á di ojú, á ní, "Gbọ́ bí ó ṣe dákẹ́." Mo ń gbọ́ ọ. Ìdákẹ́ náà ló ń pa mí.

Màámi ń gbé ní oko wa lẹ́yìn Ìṣẹ́, lọ́nà Èmùré, wọ́n sì máa ń gun òkìtì kan kí fóònù tó lè gbé. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí n sọ irú iṣẹ́ tí mo ń ṣe gan-an.

"Mo ń bá àwọn tó ń sáré tọ́jú ọ̀nà igbó, Màámi."

"Ghan ń sá nínú ugbó? Kí ló ń lé ghan?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ọdẹ ni ghan?"

"Rárá, Màámi. Wọ́n kàn ń sáré ni. Tí wọ́n bá sá débi kan, wọ́n á yí padà."

 Mo ń gbọ́ adìyẹ lẹ́yìn Màámi. "Ṣé ghan kò ní uṣẹ́ ni?"

"Wọ́n ní iṣẹ́. Dókítà wà nínú wọn."

"Háà! Ọmọ mi, sún kúrò lọ́dọ̀ ghan. Ẹni ó bá ní uṣẹ́ tí ó tún ń sá nínú ugbó láàárọ̀, orí rẹ̀ ti dàrú." Wọ́n wúkọ́, wọ́n sì wá síbi tí wọ́n ń lọ. "Fúnmi ńkọ́? Ṣé kò tíì tó àkókò kí ó wá bá ọ? O mọ̀ pé ghan kì í bí ọmọ lórí fóònù."

Mo mọ̀. Ìjọba ibẹ̀ ló ní òfin: ẹni tó bá fẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ wá gbọ́dọ̀ ní ilé tó tó ẹni méjì gbé. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ kò tó ẹnì kan gbé, ká má tíì sọ pé méjì. Ṣùgbọ́n yàrá kan wà lókè ilé tí màálù ń gbé tẹ́lẹ̀, yàrá tó fẹ̀, tó ní fèrèsé méjì àti ibi ìdáná. Kò sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Jẹróòmù kó àwọn bàtà àtijọ́ àti kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ sínú rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá lábẹ́ fèrèsé yẹn, mo máa ń rí aṣọ ìkélé Fúnmi níbẹ̀, búlúù alámì tótòtó tó wà ní yàrá wa ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tó ti ń ṣe tíṣà.

Mo bẹ Jẹróòmù. Ó ronú, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ní òun á rí i. Oṣù kan kọjá, ó ṣì ń rí i. Níkẹyìn ó ní, "Ọjọ́ eré ńlá ń bọ̀. Àwọn asáré láti ibi gbogbo ni yóò wá. Ìwọ ni kí o so àmì sí ọ̀nà. Bí ọjọ́ náà bá lọ dáadáa, yàrá ti di tìrẹ." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tiẹ̀ fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí n tó rántí pé yóò rò pé mo ṣubú ni.

Ọ̀rọ̀ kíkí wọn náà tún wà níbẹ̀. Ní ọ̀nà oko wa, bí ènìyàn méjì bá pàdé, ìkíni gbọ́dọ̀ parí kí ẹsẹ̀ tó lọ. Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ọ̀nà, oko ńkọ́, ìyàwó ńkọ́, ẹsẹ̀ Bàbá tó ń dùn ńkọ́. Àwọn wọ̀nyí á ju "bọ́ńjúù" sí èèyàn lára bí ẹni ju èèpo ẹ̀pà, ẹsẹ̀ wọn kò sì ní dúró. Mo pinnu lọ́jọ́ kan pé n ó kí ẹnì kan dáadáa. Dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Klẹ́ẹ̀, obìnrin tó máa ń wá ní gbogbo oṣù, ń bọ̀ lọ́nà pupa. Mo dúró sí àárín ọ̀nà, mo kí i káàárọ̀, mo bi í bí ó ṣe sùn, mo bi í nípa iṣẹ́, mo bi í nípa àwọn ará ilé rẹ̀. Ó dúró, ó tẹ aago ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ funfun. Ó ní ta ló kú? Nígbà tí mo sọ fún un pé kò sẹ́ni tó kú, pé mo kàn ń kí i ni, ó wo aago náà bí ẹni tí wọ́n ti jí nǹkan rẹ̀ gbé. Mo ti ba àkókò rẹ̀ jẹ́. Àkókò wo? Ibi tó ti sáré wá náà ló ń sáré padà lọ!

Èmi náà sáré níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mọ́tò búrẹ́dì máa ń wá sí abúlé, á fọn fèrè, bí o kò bá yára, ó ti lọ nìyẹn. Mo ń bọ̀ láti inú igbó pẹ̀lú àdá lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ fèrè náà, ni mo bá ki eré mọ́lẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì, fèrèsé mẹ́ta ti pa dé, ẹnì kan sì ti pe Jẹróòmù pé kí ó wá wo ohun tí ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ jí. Òyìnbó sáré, wọ́n ní ìdárayá ni. Èmi sáré, wọ́n ní olè ni. Jẹróòmù rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má ṣe ka àwọn arúgbó yẹn sí, pé bóyá bí mo bá ra ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan, wọn yóò mọ̀ pé eré ni.  Mo jẹ búrẹ́dì mi.

Ẹ̀gàn wọ̀nyí ni mo ń jẹ bí oúnjẹ, ká sọ òótọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, tí mo bá dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo máa ń ka gbogbo ìwà òmùgọ̀ tí mo rí lọ́jọ́ náà fún Fúnmi lórí fóònù, á rẹ́rìn-ín títí á fi máa wúkọ́. Bí ó bá ti gbé fóònù sílẹ̀, yàrá á wá kéré sí i. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Ó ń sọ mí débi pé mo mọ ohùn ilẹ̀kùn ilé wa nígbà tí ó bá ń tì í, mo sì máa ń dúró kí n gbọ́ ọ kí n tó sùn.

Ọjọ́ eré dé ní ìgbà tí ewé igi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Àwọn asáré kún pápá bí eṣú, oníṣòkòtò yẹ́lò, oníṣòkòtò àwọ̀ ewé, gbogbo wọn ń na ẹsẹ̀, wọ́n ń ká orúnkún, wọ́n gbé omi pọ̀n sẹ́yìn, wọ́n ń fi okùn rọ́bà fa á mu. Jẹróòmù wọ fìlà tuntun. Ó ti gbé tábìlì oúnjẹ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn síbi tí eré yóò parí sí, ní òpin pápá lọ́wọ́ ọ̀tún igbó.

Èmi ti wà nínú igbó láti ìgbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Jẹróòmù ló ra ríbọ́ọ̀nù pupa àti funfun tí n ó so mọ́ igi, ṣùgbọ́n ahun ni, kò ra tó. Mo so ó ní ìyànà àkọ́kọ́, mo so ó ní èkejì, mo ń gé e kéré sí i bí mo ṣe ń lọ. Nígbà tí mo dé ìyànà tó kẹ́yìn, kò kù ju ohun tí mo lè fi so ìka. Ọ̀nà méjì ló wà níbẹ̀. Tọwọ́ ọ̀tún ni ó lọ síbi tábìlì oúnjẹ. Tọwọ́ òsì jẹ́ ọ̀nà àtijọ́ kan tó sọ̀ kalẹ̀ sí odò, tí Jẹróòmù kò tíì fi sórí pátákó rẹ̀ rí nítorí pé ó ní ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Fóònù kì í gbé nínú igbó. Mo ti ń gbọ́ ariwo wọn lókèèrè, eré ti bẹ̀rẹ̀.

Mo wá ṣe ohun tí ọmọ Ìṣẹ́ yòówù á ṣe. Bí èèyàn bá ṣáájú lọ sóko, tí ó sì mọ̀ pé àwọn kan ń bọ̀ lẹ́yìn tí kò mọ ọ̀nà, yóò já ewé tútù, yóò fi dí ẹnu ọ̀nà tí wọn kò gbọdọ̀ gbà. Bàbá mi ṣe é fún mi, bàbá rẹ̀ ló sì ṣe é fún òun. Kódà ẹni tó kàn wá bá wa ṣe ọ̀wẹ̀ láti ìlú mìíràn, bó bá rí ewé lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀nà kejì ni yóò gbà. Kò sí ẹni tó ń kọ́ni. Mo gé ẹ̀ka tó léwé dáadáa, mo tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà òsì, mo kọ orí wọn síra. Ó lẹ́wà. Mo dúró wò ó, inú mi dùn sí ara mi, mo sì gba ọ̀nà ìkọ̀rọ̀ jáde lọ síbi tábìlì láti lọ retí wọn.

A retí. Jẹróòmù ń wo aago. Oúnjẹ ti tutù. Ẹni tó yára jù yẹ kí ó ti dé, kò dé. Ẹni tó lọ́ra kò dé. Kò sí ẹni tó dé. Jẹróòmù bi mí pé ṣé mo so ìyànà tó kẹ́yìn, mo ní ríbọ́ọ̀nù tán, ṣùgbọ́n mo ti fi ewé dí ọ̀nà òsì.

"O fi kí ni dí i?"

"Ewé."

Ojú rẹ̀ pọ́n ju ewé igbó lọ. Àwa méjèèjì sáré wọ inú igbó. Nígbà tí a dé ìyànà, mo rí ewé mi. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbogbo wọn, láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹni ìkẹyìn, ti gun orí ewé kọjá, wọ́n sì ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò. Ọ̀nà ọ̀tún mọ́ tónítóní, ẹsẹ̀ ẹnì kan kò kàn án. Wọ́n rí ọ̀nà kan tí wọ́n tẹ́ ewé sí, wọ́n rí ọ̀nà kan tó wà lásán, wọ́n sì rò pé èyí tí wọ́n tẹ́ ewé sí ni wọ́n fi ń kí àwọn káàbọ̀. Odidi dókítà! Odidi lọ́yà! Ewé ń pariwo pé rárá, wọ́n ní ẹ ṣeun.

"Ta ló sọ fún ọ pé ewé ni 'má gbabí'?" ni Jẹróòmù kígbe.

"Bàbá mi," ni mo wí.

Ó ní bí ẹnì kan bá ṣubú sódò, òun ti parí. Ó ní kí n lọ di ẹrù mi. Ó ní kí n gbàgbé yàrá náà, kí n gbàgbé pé òun dárúkọ rẹ̀ rí. Mo fẹ́ bú u. Ọ̀rọ̀ tó dùn ún bú pọ̀ lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí. Mo rí Fúnmi ní Ìkẹ́rẹ́ tó ń tilẹ̀kùn fún ọdún mìíràn, àti ọdún tó tẹ̀lé e, títí ọjọ́ orí ìbímọ yóò fi kọjá lórí rẹ̀, nítorí ẹ̀ka igi mẹ́ta.

A ń padà bọ̀ sí pápá láti lọ fi fóònù wá ìrànwọ́ nígbà tí a gbọ́ ariwo. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti ń bọ̀, òdìkejì ibi tí gbogbo nǹkan wà. Ẹrẹ̀ bò wọ́n dé ìdodo. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Klẹ́ẹ̀ ló ṣáájú, ápù kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ti sọ bàtà kan nù. Ó gbá Jẹróòmù mọ́ra, ó sì fi ẹrẹ̀ kùn ún láṣọ. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń sáré, òun kò sá ọ̀nà tó dùn báyìí rí. Ó ní wọ́n la odò kọjá, wọ́n dé ilé ọlọ kan tó ti wó, wọ́n bá ápù nílẹ̀ lábẹ́ igi tí kò sẹ́ni tó ni ín. Àwọn tó kù ń kígbe pé òótọ́ ni. Wọ́n ní ta ló ronú kan ewé? Ewé yẹn ló dùn jù! Wọ́n ní kò dà bí ríbọ́ọ̀nù yẹn, ríbọ́ọ̀nù ti sú àwọn.

Mo wo Jẹróòmù. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń wọlé sí i lára díẹ̀díẹ̀. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. Ó rìn lọ síbi ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó wúkọ́ díẹ̀. Ó ní lọ́dún yìí, òun fẹ́ fi nǹkan kan ya àwọn ọ̀rẹ́ òun lẹ́nu. Ó ní òun ti rò ó tipẹ́ pé igbó yẹ kí ó máa fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí òun fi lo ewé.

Gbogbo pápá pàtẹ́wọ́. Jẹróòmù sì wò mí lórí gbogbo wọn.  Mo mọ ohun tó ń bi mí, òun náà mọ ohun tí mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rọrùn láti gan ẹni tí o kò fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé ọwọ́ mi sókè, mo pàtẹ́wọ́. Mo pa á kíkankíkan, mo sì rẹ́rìn-ín sí i.

Kí oòrùn tó wọ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ wá bá mi níbi tí mo ti ń họ bàtà. "Yàrá ti di tìrẹ. Lọ́dún tó ń bọ̀, ewé nìkan la ó lò. Wàá fi bí wọ́n ṣe ń tò ó hàn mí." Ó ṣẹ́jú sí mi bí ẹni pé àwa méjèèjì la jọ jalè, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló jalè, èmi ni ó jà lólè.

Ní ọjọ́ kejì, ọjọ́ Àìkú, mo kó bàtà àti kẹ̀kẹ́ jáde, mo gbá yàrá náà, mo jókòó sílẹ̀ nítorí pé kò tíì sí àga, mo sì pe Fúnmi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti gun ewé kọjá, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó ní kí n dúró kí òun gbé omi mu. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Fúnmi máa ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀, bí ìyàwó tí wọ́n kọ́ dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ bá ká a lára ni ó máa ń fi èdè ilé sọ ọ́, èdè tí a kò ti ń bá ara wa ṣe ẹ̀yẹ.

"Nígbà tí ó purọ́ yẹn lójú rẹ, kí ni o ṣe?"

"Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́."

"N kò bèèrè ghan. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo pàtẹ́wọ́."

 Mo ń gbọ́ ọ̀kadà tó ń kọjá níwájú ilé wa.

"Ṣé kí èmi náà kúrò níwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi," ni ó wí, "kí n wá bá ọ nínú ugbó, kí á jọ máa pàtẹ́ghọ́ fún un?"

Mo ní oríṣiríṣi èsì. Mo lè sọ fún un pé ọgbọ́n ni mo fi ṣe é. Mo lè bú Jẹróòmù láti àárọ̀ títí di alẹ́, a ó rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì tún di eré. Ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí. Gbogbo ẹ̀gàn tí mo ti ń jẹ láti ìgbà tí mo ti débẹ̀ kò yó mi.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí. "Máa bọ̀. Fúnmi, mo bẹ̀ ọ́. Èmi nìkan ni mo wà níbí. N kò lè dá a ṣe mọ́."

N kò tíì bẹ̀ ẹ́ báyìí rí, kódà nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ.  Mo di kọ́kọ́rọ́ mú títí ó fi wọ̀ mí lọ́wọ́.

"Yàrá náà," ó wí níkẹyìn, "òkè ni o ní ó wà?"

"Òkè ni."

"Pákó ni ulẹ̀ rẹ̀ àbí símẹ́ńtì?"

"Pákó ni."

"Ta ló ń sùn lábẹ́ rẹ̀?"

"Àwọn asáré."

"Ṣé pákó yẹn lè gba odó? Kò sí òyìnbó tí n ó tìtorí rẹ̀ ṣíwọ́ uyán gígún."

Mo dìde. Mo fò sókè, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀ lórí pákó náà pẹ̀lú gbogbo agbára tí mo ní. Gbogbo ilé mì. Nísàlẹ̀, ẹnì kan tó ń sinmi lẹ́yìn eré kígbe, ó sì fi igi gbá àjà. Mo tún fò lẹ́ẹ̀kan sí i.

"Ó gbà á," mo sọ fún Fúnmi. "Èyí tó tóbi jù ni kí o gbé bọ̀."